A Ń Ráhùn, A Kò Fi Í Sílẹ̀: Ìtàn Alùpùpù ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní alùpùpù ní agbègbè wa mu púpọ̀. Bí ẹ bá dúró fún wákàtí kan péré níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń pé jọ sí ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní Òkókómáíkò, ẹ ó gbọ́ ìráhùn lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ń sọ pé ṣéènì ẹ̀rọ òun kì í pẹ́ já. Èkejì ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ti jó lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ń búra pé àwọn tí wọ́n ń kó wọlé nísinsìnyí kò le tó àwọn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá bù sí owó wọn, tí ó di pé kí wọ́n ra òmíràn, irú èyí tí wọ́n ń ráhùn sí náà ni wọn yóò tún lọ rà.

Kí ni ó fa èyí? Ṣé àìgbọ́n ni, tàbí ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tí ó ń wò láti òkèèrè kò rí? Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti ta ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìyá sì ti fi owó àjọ sílẹ̀, kí ọmọ wọn lè rí alùpùpù gùn jẹun. Bí ẹ̀rọ náà bá dẹnu kọlẹ̀ kí owó tó pé, gbèsè ni ó kù nílé. Bí bíréèkì rẹ̀ bá sì kọ̀ láti mú lójú títì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó nìyẹn. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí alùpùpù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bí orúkọ kan ṣe ń jọba tẹ̀lé òmíràn, àti ohun tí ó so àwọn ènìyàn mọ́ orúkọ tí wọ́n ń bá jà lójoojúmọ́.

Ilẹ̀ Àwórì àti Ọ̀nà Àgbádárìgì

Kí a tó sọ̀rọ̀ alùpùpù, ẹ jẹ́ kí a mọ ilẹ̀ tí ó ń rìn lórí rẹ̀. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹja pípa, iṣẹ́ oko àti òwò ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń ná ọjà Èkó àti ti Àgbádárìgì. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ la ọ̀nà ọlọ́dà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì àti ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀. Láti ìgbà náà ni ayé ti yí padà ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá ní ẹ̀bá ọ̀nà náà. Ní ọdún 1977, ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Trade Fair di ṣíṣí. Ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́. Ìjọba yìí kan náà ni ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà. Ọjà Alábà ní tirẹ̀ di ibi tí àwọn ènìyàn ń ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n.

Èrò pọ̀, ilé sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ènìyàn ń kọ́ yára ju ọ̀nà tí ìjọba ń ṣe lọ. Bí ọkọ̀ èrò bá já ènìyàn sí ẹ̀bá ọ̀nà ńlá, ìrìn ṣì kù láti ibẹ̀ dé Ìgbó-Ẹlẹ́rin, Àjàǹgbádì tàbí Ṣíbírí. Yanrìn ni lígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni lígbà òjò. Dánfó kì í fẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù láti ọjà, aboyún tí ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti pẹ́ fún ìdánwò, gbogbo wọn ni ó nílò ohun tí ó lè gba ọ̀nà tóóró kọjá. Alùpùpù nìkan ni ó jẹ́ ìpè náà.

Láti Orí Kẹ̀kẹ́ Dé Orí Honda

Kí alùpùpù tó pọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ni a mọ̀. Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham ni ọ̀pọ̀ bàbá wa gùn lọ sí oko. Lẹ́yìn náà ni àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, BSA àti Triumph. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè ní wọn: olùkọ́, wolé-wolé, àwọn tí ń ra kòkó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ẹ̀rọ yìí lágbára, ṣùgbọ́n ọ́ìlì a máa jò nídìí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń jò yìí di àwàdà láàárín àwọn tí ó ní wọn, síbẹ̀ wọn kò fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí nìkan kò gba àwọn ilé iṣẹ́ náà là. BSA wó lulẹ̀ ní ọdún 1973, ilé iṣẹ́ Triumph tí ó wà ní Meriden sì ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 1983.

Àwọn ará Japan ni ó gba ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun ìyanu ni pé agbègbè kan ṣoṣo, ti Hamamatsu, ni ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ti jáde. Suzuki ti ń ṣe òfì ìhunṣọ láti ọdún 1909 kí ó tó yà sí ọ̀nà alùpùpù ní ọdún 1952. Yamaha ti ń ṣe dùùrù tipẹ́ kí ó tó dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní ọdún 1955. Soichiro Honda ní tirẹ̀ dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ní ọdún 1958, Honda gbé alùpùpù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Super Cub. Kò wúwo, kò jẹ epo, ọ́ìlì kì í jò nídìí rẹ̀, aláṣọ gígùn sì lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ nínú rẹ̀ káàkiri ayé.

Ní Nàìjíríà, owó epo rọ̀bì àti owó Udoji ni ó ṣí ọ̀nà fún Honda. Nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ owó oṣù Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sáré lọ ra alùpùpù. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Honda fi kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to alùpùpù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Báyìí ni orúkọ Honda ṣe wọ ilé. Ẹlòmíràn lè máa gun Yamaha kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì máa sọ pé, "Bàbá ti gun Honda wọn jáde." Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ti di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ nìyẹn.

Ìráhùn Tí Ó Dé Etí Ẹni Tí Ó Ṣe É

Ìtàn kan wà nípa Honda tí ó yẹ kí gbogbo ọlọ́kadà mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìráhùn ń dé láti àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà pé àwọn alùpùpù Honda kan ń tètè bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ náà kò bá àwọn oníbàárà jà. Wọ́n rán àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ sí ohun tí à ń rí ní Ṣíbírí. Ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀rọ lọ ni wọ́n ń dì lé e. Wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì àfi bí ó bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ. Eruku ń jẹ ṣéènì, kò sì sí mẹkáníìkì tí ó mọ inú ẹ́ńjìnnì onílàákàyè náà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n ṣe ẹ̀rọ mìíràn tí ó bá irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ mu. Wọ́n padà sí ẹ́ńjìnnì ti àtijọ́ tí ó rọrùn láti tú, tí ó sì lè fara da ọ́ìlì ìdọ̀tí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi páànù bo ṣéènì kí yanrìn má ba à wọ̀ ọ́. Èyí ni Honda CG125 tí ó jáde ní ọdún 1976. Ẹ̀rọ yìí le débi pé nígbà tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ máa ṣe alùpùpù tiwọn fún ọjà àgbáyé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wò ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù Ṣáínà tí ó kún ìgboro wa lẹ́yìn náà, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ CG125 ni wọ́n, bí orúkọ tí a kọ sí ara táǹkì wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Bí Ọ̀kadà Ṣe Gba Orúkọ

Kí alùpùpù tó di ohun tí à ń fi kó èrò ní Èkó, wọ́n ti ń fi kó èrò ní àwọn ìlú bíi Calabar àti Yola. Ní Èkó, ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún náà ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì dá àwọn òṣìṣẹ́ wọn dúró. Ẹni tí ó ti ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá rí i pé alùpùpù náà gan-an lè di iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ilé ìwé láìríṣẹ́ náà dara pọ̀.

Ní àkókò yìí, ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 lókìkí púpọ̀. Ìlú rẹ̀, Okada, ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Èkó tí ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ wo alùpùpù bí ó ṣe ń fò láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀kadà. Ọkọ̀ òfuurufú náà ti kógbá sílé ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Láàárín àwọn ará Benin tí ó múlé tì wá, zémidjan ni wọ́n ń pe irú èyí, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọn sì ni pé kí o tètè gbé mi.

Nígbà tí owó alùpùpù tuntun kọjá agbára, àlòkù Japan tí à ń pè ní tòkunbọ̀ ni àwọn ènìyàn ń rà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń gba ọ̀nà Kútọnu àti Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé. Suzuki AX100 gbajúmọ̀ púpọ̀ láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn, ó sì yára, ṣùgbọ́n ó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, èéfín rẹ̀ a sì máa bo ojú ọ̀nà. Àwọn tí ń gùn ún ń ráhùn èéfín, wọ́n ń ráhùn epo, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó wà lábẹ́ igi lè tú u palẹ̀ kí ó sì tò ó padà láàárín ọjọ́ kan. Nítorí èyí, wọn kò fi í sílẹ̀.

Àsìkò Jincheng

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni alùpùpù Ṣáínà ya wọlé bí omi òjò. Àwọn oníṣòwò Nnewi ni ó ṣe bẹbẹ jù nínú òwò yìí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le: dípò kí wọ́n kó alùpùpù tí wọ́n ti tò tán sínú kòǹténà, wọ́n ń kó wọn wá ní títú palẹ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n níbí. Kòǹténà kan náà wá ń gba ìlọ́po púpọ̀, owó alùpùpù sì wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ Innoson tí ó ń ṣe ọkọ̀ ní Nnewi lónìí, inú òwò alùpùpù àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó ti dìde.

Nínú gbogbo àwọn tí ó dé, Jincheng ni ó lókìkí jù. Ìlú Nanjing ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé iṣẹ́ náà sì ti bá Suzuki dòwò pọ̀ rí. Nítorí náà, AX100 tí Jincheng gbé jáde jọ ti Suzuki bí ìbejì. Ẹni tí ó ti mọ Suzuki kò ní láti kọ́ ohun tuntun. Ẹ̀yà ara ọ̀kan wọ ara èkejì, mẹkáníìkì kan náà ni ó ń tún méjèèjì ṣe, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti Japan. Àwọn tí ń lò ó ráhùn pé kò le tó ìkejì rẹ̀: wáyà iná, gílóòbù, ohun ìtanná ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n iye owó tí a fi ń ra Suzuki tuntun kan lè ra ju Jincheng kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, Jincheng di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo alùpùpù, gẹ́gẹ́ bí Honda ṣe jẹ́ fún àwọn bàbá wọn.

Àsìkò Boxer

Orúkọ mìíràn tún gba ipò. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 2000 ni Boxer, tí ilé iṣẹ́ Bajaj ti orílẹ̀-èdè Íńdíà ń ṣe, ti ń tàn kálẹ̀. TVS, tí í ṣe ọmọ Íńdíà bákan náà, ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìdí pàtàkì kan ni epo. Ẹ́ńjìnnì Boxer kì í jó ọ́ìlì mọ́ epo, kò sì jẹ epo tó ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, jálá lítà kan sì fò láti náírà 65 sí 141 kí wọ́n tó dá a padà sí 97. Ní ọdún 2016 ó di 145, ní ọdún 2023 ó sì kọjá 400. Ọlọ́kadà tí ó ń ra epo lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ju onímọ̀ ọrọ̀ ajé lọ.

Ṣùgbọ́n ìráhùn kò tán. Bí ẹ bá bi àwọn tí ń gun Boxer, wọn yóò sọ fún yín pé èyí tí ó kọ́kọ́ dé ni ó le, pé èyí tí ó ń wọlé nísinsìnyí ti fúyẹ́. Ohun tí àwọn tí ń gun Jincheng sọ nìyẹn, ohun tí àwọn tí ń gun Honda sọ nìyẹn. Nínú gbogbo ìran alùpùpù, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń yìn. Apá kan lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé bí ọjà bá ti gbajúmọ̀, ayédèrú a máa tẹ̀lé e. Apá kejì ni pé alùpùpù tí ó bàjẹ́ ní àkọ́kọ́ ti kúrò nílẹ̀, èyí tí ó le nìkan ni ó kù tí à ń rí, òun ni a sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun Tí Ó So Wọ́n Mọ́ Ọn

Kí wá ni ìdí tí ẹni tí ń ráhùn kò fi yí padà? Èkíní ni ẹ̀yà ara. Ọgbà Trade Fair, níbi tí ọjà ASPAMDA wà, kò jìnnà sí Ọ̀jọ́, ẹ̀yà ara alùpùpù tí ó gbajúmọ̀ sì wà ní gbogbo ìkóríta láti ibẹ̀ dé Òkókómáíkò. Ẹni tí ó bá gun alùpùpù tí ó le ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́ ni yóò mọ̀ pé líle nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n sì tún ṣe lójú ẹsẹ̀ sàn fún ọlọ́kadà ju èyí tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó ni alùpùpù ń retí owó rẹ̀.

Ìdí kejì ni ìkọ́ṣẹ́. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kọ́ iṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì tí ó pọ̀ jù níwájú ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá gba òmìnira, irú ẹ́ńjìnnì náà ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, irú rẹ̀ ni yóò sì máa gba àwọn oníbàárà níyànjú láti rà. Ìdí kẹta ni títà. Alùpùpù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dà bí owó ìpamọ́. Bí àìsàn bá dé bá ará ilé, ènìyàn lè rí ẹni tí yóò rà á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èyí tí kò lórúkọ, àwọn ènìyàn yóò máa wò ó bí ẹni wo àjèjì.

Ìdí kẹrin ni pé ẹni méjì ni ó sábà máa ń wà nídìí alùpùpù kan. Ẹnì kan ni ó fi owó ra á, ẹlòmíràn ni ó ń gùn ún tí ó sì ń san owó fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò fẹ́ kí owó òun ṣòfò, nítorí náà kò ní dán orúkọ tuntun wò. Ẹni tí ń gùn ún ni ìyà ẹ̀rọ náà ń jẹ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń yan èyí tí wọn yóò rà. Ìdí karùn-ún ni pé àléébù tí a ti mọ̀ kì í bani lẹ́rù. Ọlọ́kadà tí ó mọ̀ pé ṣéènì òun kò ní pẹ́ já yóò ti fi òmíràn sínú àpò. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ni ó ń bẹ̀rù, nítorí kò mọ ibi tí tirẹ̀ yóò ti yọ.

Bí a bá ka gbogbo èyí pọ̀, a ó rí i pé kì í ṣe aṣiwèrè ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń rà. Mẹkáníìkì, ọjà ẹ̀yà ara àti owó ìpamọ́ ni wọ́n ń rà pẹ̀lú rẹ̀.

Kì í Ṣe Ọ̀dọ̀ Wa Nìkan

Ìfẹ́ irú èyí wà níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Harley-Davidson ti wà láti ọdún 1903. Ní ọdún 1969, ilé iṣẹ́ kan tí à ń pè ní AMF rà á. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ yá, kí èrè sì pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì bàjẹ́. Ọ́ìlì ń jò, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, àwọn tí ó ní wọn sì ń ráhùn kíkankíkan. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò lọ ra ti Japan. Ní ọdún 1981, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ 13 kó owó jọ, wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣe rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1983, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ó ní Harley sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn wọn. Ní ọdún yìí kan náà, Ààrẹ Reagan gbé owó orí lé àwọn alùpùpù ńláńlá láti òkèèrè. Ilé iṣẹ́ náà yè.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé sùúrù oníbàárà dà bí owó tí a yá ilé iṣẹ́. Harley lo àkókò náà láti tún ara rẹ̀ ṣe. BSA kò rí i lò títí ó fi kú. Honda gbọ́ ìráhùn, ó sì ṣe CG125. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ibo ni ìráhùn ọlọ́kadà Àjàǹgbádì ń parí sí? Abẹ́ igi mẹkáníìkì ni. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ní Íńdíà tàbí Ṣáínà, alágbàtà, olùpín ọjà àti agbẹ́rùwọlé ni ó wà láàárín, ọjà sì ń tà fún gbogbo wọn. Ta ni yóò kọ̀wé ráńṣẹ́ nípa ṣéènì tí ó já?

Ẹ̀bi Ta Ni?

Òótọ́ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ní ọjà ẹ̀yà ara, orúkọ mẹ́ta ni ó ti wà tipẹ́: ojúlówó, Belgium tí í ṣe àlòkù, àti Taiwan tí í ṣe ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń ta ẹ̀kẹta ní owó àkọ́kọ́, nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí. Bíréèkì ayédèrú kò ní kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú orí ẹni tí ó pa. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n jí lò ni yóò bàjẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe irú òwò yìí tí ó sì tún ń dúró ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí, kí ó rántí pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kò mọ sí orí ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan. Ẹni tí ó bá ta ọjà èèpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

Àwa tí ń gùn ún náà ní ìpín tiwa. A ń gbé èrò mẹ́ta sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì. A ń lo ọ́ìlì títí yóò fi dúdú bí ọ̀dà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú wa dé akoto ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, igbá àti ike ọ̀dà ni àwọn kan dé sórí láti fi tan òfin jẹ. Orí ta ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn jẹ?

Òfin àti Ọjọ́ Iwájú

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń lé ọ̀kadà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2012, òfin ìrìnnà tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí lé wọn kúrò ní títì 475. Ní ọdún 2020, òfin le sí i ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní oṣù kẹfà ọdún 2022 wọ́n sì sọ pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀kadà rárá níbẹ̀. Wọ́n fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kò sí nínú mẹ́wàá náà. Kẹ̀kẹ́ Márwá, tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Buba Marwa tí ó ṣe olórí ìpínlẹ̀ yìí láti ọdún 1996 sí 1999 pè, ti gba apá kan iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin tí yóò ti Òkókómáíkò dé Marina ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 sí Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò lè wọ inú àdúgbò. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà inú lọ́hùn-ún kò bá dára, ènìyàn yóò ṣì máa wá alùpùpù.

Alùpùpù oníbátìrì náà ti ń dé. Ní Benin àti Togo, ilé iṣẹ́ Spiro ti ń gbé e fún àwọn ọlọ́kadà, wọ́n sì ń pààrọ̀ bátìrì tí ó bá ti kú ní ibùdó. Bí ó bá tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ìbéèrè àtijọ́ náà ni yóò dìde: ta ni yóò tún un ṣe ní Ìgbó-Ẹlẹ́rin, ta ni yóò sì rà á bí mo bá fẹ́ tà á?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ ra alùpùpù, ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan rà á. Ẹ bi ẹni tí ń gùn ún léèrè, kì í ṣe ẹni tí ń tà á nìkan. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa kọ iye tí ẹ ń ná lórí àtúnṣe sílẹ̀ lóṣooṣù, nítorí pé ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ yóò máa ráhùn láìmọ iye tí ó ń pàdánù. Ẹ gba rìsíìtì nígbà tí ẹ bá ra ẹ̀yà ara. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà bíi ACOMORAN bá kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ láti ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, tí wọ́n sì gbé e lọ bá àwọn olùpín ọjà àti àjọ SON tí ó ń rí sí dídára ọjà, ìráhùn yóò kúrò lábẹ́ igi, yóò di ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ tí ó bá rí ẹ̀rí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ka owó, yóò mọ̀ pé sùúrù wọn lópin.

Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ máa dé akoto, kí ẹ sì jẹ́ kí èrò yín náà dé tirẹ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa lójú pópó. Àmín.